Ọjọ́ Tí Wọ́n Tún Ọkọ̀ Mi Kọ́ Lẹ́kọ̀ọ́

Kamitani, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà

Yasuhiko ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Osaka níbẹ̀ yẹn? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé inú tó ń run ún ti lọ? Kí òjò oṣù yìí má gbé àìsàn wọlé tọ̀ yín, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ sì máa fojú rere wò ọ́. Àwa náà wà. A ti gbin ìrẹsì tán, igbe ọ̀pọ̀lọ́ ò sì jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ ròyìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kún ẹnu mi, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n lè mí.

O rántí pé ọkọ̀ kékeré mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, tó sì jẹ́ pé orí ojú irin ni ẹ̀ẹ̀kẹta. O ní ẹsẹ̀ mi ló ń ṣi nǹkan tẹ̀, o ní ọjọ́ ogbó ni, o mú kọ́kọ́rọ́ kejì lọ, o sì ní kí n lu òǹtẹ̀ mi sórí ìwé tí wọ́n fi ń dá láísẹ́ǹsì padà. Mo lù ú. Mo gbé e fún Kurahashi, ọlọ́pàá abúlé wa, pé kó bá mi mú un lọ sílùú lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń dé ibí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan náà ni. Láìsí ọkọ̀, inú ilé ni màá jókòó sí títí tí wọn yóò fi gbé mi jáde.

Àfi bí ọmọkùnrin kan, Nagase, láti ilé tí a ti ra ọkọ̀, ṣe dé lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ó wọ kóòtù dúdú, ó tẹríba lẹ́nu ọ̀nà mi títí mo fi rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ni, mo ti ń wá àpò tí màá fi owó ìbánikẹ́dùn sí. Ó ní rárá o, lẹ́tà mẹ́ta táwọn kọ sí mi lòun tìtorí rẹ̀ wá. Àwòrán ọkọ̀ wà lára àwọn lẹ́tà náà, mo rò pé ọjà ni wọ́n ń polówó, mo ti fi wọ́n di ewébẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ tó ń bu epo àti afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, pé wọn ò kọ́ ọ dáadáa láti ilé iṣẹ́, tí ọkọ̀ bá ti ń dín eré kù, á gbàgbé láti fún ẹ́ńjìnnì ní èémí, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún tí wọ́n ṣe tèmi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn fẹ́ tún un kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó fẹ́ gbé e lọ fúnra rẹ̀, mo ní kò ṣeé ṣe. Ta ní ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́? Mo di ìṣù ìrẹsì mẹ́ta dání, tèmi, tirẹ̀ àti ti olùkọ́. Nígbà tí a dé ilé ìtajà ọkọ̀ tí mo bèèrè olùkọ́, Nagase nawọ́ sí àpótí kan tí kò ju abọ́ oúnjẹ ọmọléèwé lọ, ó ti okùn rẹ̀ bọ abẹ́ sítíárìn. Wọ́n tún fi wáyà kan gbá bátìrì mú, ó ní bí iná bá lọ láàárín ẹ̀kọ́, orí ọkọ̀ á ṣófo, ẹ̀kọ́ àtijọ́ á lọ, tuntun ò ní dé, ọkọ̀ ò sì ní jí mọ́. Mo gbé ìrẹsì lé olùkọ́ lórí. Ó rọra gbé e kúrò, ó ní olùkọ́ ti jẹun.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo kó ọwọ́ lé orúnkún. Nọ́ńbà ń gòkè lójú olùkọ́, ogún, ogójì. Ó dé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó dúró. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù tí o rà fún mi dún nínú báàgì! Mo rò pé ariwo rẹ̀ á tú ẹ̀kọ́ ká, mo bá jókòó lé báàgì náà. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lo pè, mo kà á. Inú kòtò kọ́ ni mo wà bí o ṣe sọ fún Kurahashi. Kurahashi tọpa mi débẹ̀, ó já wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó ń ké Màmá Tokie, ṣé ẹ ṣì wà láyé. Mo fìka lé ètè. Ó ṣí fìlà, òun náà dúró ṣánṣán, a jọ ń wò ó títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún. Áà! Ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ilé ìtajà wá tẹríba fún mi lójú Kurahashi, ó ní ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹsẹ̀ Màmá, tàwọn ni. Mo ní kó tún un sọ, kó pariwo díẹ̀. Ó tún un sọ. Yasuhiko, mo sunkún. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́, àràárọ̀ ni mò ń ka orúkọ àbúrò bàbá rẹ gbogbo níwájú dígí, láti mọ èyí tí mo ti gbàgbé. Èmi náà gbà pé iyè mi ti ń ra. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nagase ní ọkọ̀ ti gbàgbé ẹsẹ̀ mi, pé yóò tún un kọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà mò ń wa ọkọ̀ tìwàtìwà, mi ò sì jẹ́ kí Fusae aládùúgbò wa wà á, ẹni tó ń tẹ bíréèkì bí ẹni pa aáyán, kó má bàa kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti kọjá lórí ojú irin, ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ kan, ayọ̀ ni.

Torí náà, jọ̀wọ́, fi owó epo ránṣẹ́, ayọ̀ yìí ń mu epo. Fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí i. Kurahashi ti dá ìwé tí mo lu òǹtẹ̀ sí yẹn padà fún mi, kò tíì mú un lọ sílùú, òun nìyí nínú àpò lẹ́tà yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kí ọmọ fi ya àwòrán. Ilé rẹ á tòrò, ọmọ rẹ á dàgbà lójú rẹ, ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí. Tí ẹ bá ń bọ̀ fún ọdún Obon, ẹ má dúró de bọ́ọ̀sì. Màá wà níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ́ńjìnnì á ti máa ṣiṣẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Tokie, awakọ̀