Lórí Iná Tí Kò Ní Èéfín àti Owó Ọkọ̀ Bàbá Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Mo mọ̀ pé o ò lè dá mi lóhùn nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí o lè ráyè dáhùn. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́. Àpótí irin tí o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè nínú ilé iṣẹ́ yín kò ní tì mọ́ ọ lórí. Ọwọ́ rẹ kò ní dilẹ̀, ẹnu rẹ kò ní gbẹ. Èmi wà dáadáa, àwọn àbúrò rẹ wà dáadáa, àwọn adìyẹ tó ṣẹ́kù náà wà dáadáa.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè wá títí tó fi sú ọ, tí obìnrin inú fóònù sì ń sọ fún ọ pé a ò sí. Má bínú sí i, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Inú omi ni fóònù mi wà. Obìnrin kan tí ilé iṣẹ́ mànàmáná rán wá bá wa ṣèpàdé ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ inú ọgbà tuntun tí wọn yóò ti máa fi gáàsì dáná láti ṣe mànàmáná, pé ó lè ṣáná sí gbogbo nǹkan. Mo bá rò ó. Páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì náà bọ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ló gbà kọjá, lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí àwọn adìyẹ ti ń tàn. Ta ni yóò wá sọ fún gáàsì pé ilé mi kò sí nínú ọgbà? Ni mo bá ri fóònù sínú garawa omi, mo sì fi nǹkan dé e. Aránṣọ, aládùúgbò wa, ní kí n kàn pa á ni, pé ó ti tó, ṣùgbọ́n ohun tí a pa tó tún lè jí, ṣé ìyẹn náà kú ni? Láti ọjọ́ yẹn kò dún mọ́, ọkàn mi sì balẹ̀ ní apá ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Bàbá yín ló ní kí n kọ ọ́. Ó wà níwájú mi níbí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi òróró pa bàtà iṣẹ́ rẹ̀. O mọ̀ pé iná ti gba ojú rẹ̀, kò lè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò yé bi mí pé ibo ni mo dé. Ohun tó rán mi ni pé wọ́n ń ti ilé èédú tí òun ti ń ṣiṣẹ́ pa, ó sì fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibì kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n ṣì ń fi èédú dáná. Lọ́rì yóò wá kó wọn lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Kálukú ni yóò san owó ọkọ̀ ara rẹ̀ àti owó yàrá tí yóò máa sùn, bàbá yín ò sì ní in lọ́wọ́. Ó ní kí o fi ránṣẹ́. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an, nítorí kò ní kí n má sọ ọ́.

Obìnrin tí mo wí yẹn, ọmọ dáadáa ni, ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní èéfín èédú ti pọ̀ jù lójú ọ̀run, pé ó ń ba ayé jẹ́, pé ti gáàsì fúyẹ́ jù ú lọ. Ó ní gáàsì pàápàá kì í ṣe ibi tí à ń lọ, pé afárá lásán ni, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló wà ní òdìkejì. Gbogbo èèyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nawọ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé afárá ni, kí ló dé tí wọ́n ń da kankéré tó nípọn tó báyẹn sórí rẹ̀, ta ló ń kọ́ ilé alájà sórí afárá? Mo tún ní bí a bá wá dé òdìkejì ńkọ́, ṣé wọ́n á tún lé àwọn ọkọ wa ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ṣì jìnnà. Mo jókòó, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ṣàkíyèsí pé kò sọ pé rárá.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń fi ṣọ́bìrì bọ́ iná, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni gáàsì fẹ́. Wọ́n mú bàbá yín mọ́ wọn, nítorí ó gbọ́ èdè omi gbígbóná, omi gbígbóná náà ni wọ́n sì tún fẹ́ lò nínú ti tuntun. Má rò pé mo yọ̀ o. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ní kó má gbà á, kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èédú, o rí i, o lè gbé e, o lè bú u. Gáàsì kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, àfi kí wọ́n po òórùn ẹyin tó bàjẹ́ mọ́ ọn kí a lè mọ̀ bó bá ń jò. Ohun tó jẹ́ pé òórùn ara rẹ̀ pàápàá, yíyá ni wọ́n yá a fún un, ṣé èyí ṣeé bá gbélé? Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbóòórùn náà nínú ilé. Mo lé gbogbo ilé jáde, mo lé ilé aránṣọ jáde, bàbá yín jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. A dúró sí títì títí àwọn òṣìṣẹ́ gáàsì fi gbé ẹ̀rọ wọn dé, tí wọ́n sì rí ẹyin kan tó ti jẹrà lẹ́yìn igi ìdáná. Wọ́n rín wa títí. Mo pa adìyẹ tó yé e.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáná gáàsì gan-an ni mo fẹ́ ròyìn. O mọ bí àwa ìyàwó òṣìṣẹ́ ṣe máa ń wo ọ̀pá èéfín láti ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kékeré. Bí èéfín bá ṣe tín-ín-rín, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, gbé ìkòkò kaná, ọkọ ń bọ̀ lálàáfíà. Bó bá dúdú kirikiri, iná ń bá wọn jà, tìbínú-tìbínú ni yóò fi wọlé, fi ẹran kún un. Bí èéfín bá tán pátápátá, má gbé nǹkan kan kaná, gba ẹnu géètì lọ. Kí ọjọ́ gáàsì yẹn tó dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tán lójú mi rí, ọjọ́ tí bọ́ílà, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se omi, bẹ́, tí wọ́n gbé ọkọ aránṣọ jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, bàbá yín kò jẹun. Ó wọ aṣọ tuntun tí wọ́n fún wọn, ó dé akoto, ó lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èéfín ilé àtijọ́ ń dínkù, ó ń dínkù, títí ó fi tán. Mo yíjú sí ọ̀pá ti tuntun, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ohùn kan bú jáde nínú ọgbà tí àwọn adìyẹ fi sá wọ abẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tún wo ọ̀pá náà. Òfuurufú lásán. Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn, ó wò mí, mo wò ó, a sáré.

Kí a tó dé ibẹ̀, obìnrin ti kún ẹnu géètì. Ọlọ́dẹ ní kí a padà sílé, pé iná ti ràn, pé kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ní èéfín rẹ̀ dà? Ó ní kò ní èéfín. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, iná tí mo mọ̀ tí kò ní èéfín ni iná tó ti kú, pé kó ṣílẹ̀kùn kí a wọlé lọ gbé òkú wa. Ó ní òun ò gbọdọ̀ ṣí i àfi bí fèrè bá dún. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe sọ fún òun nígbà yẹn náà nìyẹn, pé kí òun lọ sílé, pé kò sí nǹkan. Ọmọ mi, ìdúró yẹn gùn. Mo ti ń ro bí màá ṣe túfọ̀ rẹ̀ fún ọ, mo wá rántí pé fóònù wà nínú omi.

Nígbà tó yá, fèrè dún, géètì ṣí, àwọn ọkùnrin kan ń jáde bọ̀ tí ojú wọn mọ́ tónítóní. Mo rò pé àlejò ni wọ́n, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ìlú ńlá wá. Ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò, ojú dúdú ni mò ń wá, nítorí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń dúró sẹ́nu géètì yẹn, ojú dúdú ni ọkọ mi máa ń gbé jáde. Kò sí ojú dúdú kankan. Mo di ọ̀kan nínú wọn mú láṣọ, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, ọkọ mi wà nínú ibẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọkùnrin náà wò mí títí, ó wá rọra ní ìyá àwọn ọmọ òun, ṣé mi ò dá òun mọ̀ mọ́ ni? Mo kọ́kọ́ bú u dáadáa kí n tó dì mọ́ ọn, mo sì sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ojú ò tì mí.

Nírọ̀lẹ́ mo gbé omi gbígbóná fún un bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó wẹ̀ tán mo lọ da omi náà nù, mo sì rí ìdí ọpọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò rí ìdí ọpọ́n rí lẹ́yìn tí bàbá yín bá wẹ̀. Òdòdó tí wọ́n yà sí i wà níbẹ̀ nínú omi, mo lóṣòó tì í, mò ń wò ó. Láti ìgbà tó ti ń wọ ilé tuntun yẹn, ikọ́ náà ń dínkù, ikọ́ tó máa ń jẹ́ kó jókòó ti ògiri sùn, tó máa ń tutọ́ dúdú sínú agolo, tí ìwọ gbọ́ láti kékeré tí o rò pé bí àwọn bàbá ṣe ń mí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fọwọ́ sí imú rẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà. Dókítà ilé iṣẹ́ ti sọ fún un lójú mi pé bó bá tún padà sínú eruku èédú, àyà yẹn kò ní gbà á mọ́.

Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́. Ó ní àtàárọ̀ dalẹ́ ni òun ń jókòó wo gíláàsì kan tí ìlà pupa ń wọ́ lórí rẹ̀. Bó bá ti gòkè jù, òun á tẹ nǹkan, á sọ̀ kalẹ̀. Mo bi í bóyá ó máa ń buni jẹ. Ó ní ì bá tiẹ̀ máa buni jẹ, òun ì bá mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí òun bá gba owó oṣù yẹn, olè ni òun. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń bọ́ iná láti ìgbà ọ̀dọ́ ń lọ, ṣé òun ni kí òun dúró máa juwọ́ sí wọn? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀rù gáàsì ṣì ń bà mí, àràárọ̀ ni mò ń fi imú wá a kiri ilé kí n tó bọ́jú. Ṣùgbọ́n gáàsì kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan, agolo itọ́ dúdú yẹn sì rèé, ojoojúmọ́ ni mo fi ń dà á nù.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí èmi ń tọrọ. Bàbá yín ní kí o fi owó ránṣẹ́. Má fi ránṣẹ́. Ọmọ mi, mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí i. Sọ pé ọ̀gá rẹ kò tíì sanwó, tàbí kí o sọ pé ẹ̀rọ báńkì tún gbé káàdì rẹ mì bíi tìjọ́sí, tí mo ní kí o fún un lómi kó lè bì í. Èmi tí mo nà ọ́ nítorí irọ́, èmi náà ni mo fún ọ láyè eléyìí. Bí lọ́rì yẹn bá lọ láìgbé e, wọn ò ní torí ẹnì kan padà wá. Bí owó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fún awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, kó fi lé aránṣọ lọ́wọ́, kì í ṣe bàbá yín. Màá fi ra fóònù mìíràn, irú èyí tó lè gbé inú omi, aránṣọ ní wọ́n ti ń ṣe é.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún wa. Èémí kò ní wọ́n ọ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ sí kò ní yẹ̀. Àwọn ọmọ tí o máa bí yóò bá bàbá àgbà wọn láyé.

Bàbá yín ti wá dúró tì mí báyìí. Ó bi mí pé ṣé mo ti kọ ọ̀rọ̀ owó náà, mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ní ṣé mo tẹnu mọ́ ọn, mo ní mo tẹnu mọ́ ọn gidigidi. Ó ti ń gbàdúrà fún ọ, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo lọ́sẹ̀ yìí, kí o lè rí èyí tí wàá fi ránṣẹ́ sí òun kí lọ́rì tó dé. Má ṣe àmín sí i.

Ìyá rẹ ni.