Ife Omi Tí Mò Ń Mu Lẹ́nu Géètì

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi o. Ara mi le koko bí ọta.

Níbi iṣẹ́ omi wa, ewéko wínníwínní bo ojú adágún tí gbogbo ìlú ń mu. Gbogbo wa la mọ̀ pé ṣe là ń rọra sẹ́ ẹ kúrò; tí a bá fi oògùn pa á, á bi májèlé inú ẹ̀ sínú omi. Ṣùgbọ́n aráàlú ń pariwo pé omi ń rùn, ni ọ̀gá bá ní ká da oògùn sí i. Omi sì mọ́ gaara! Ọ̀gá bu ife kan fún mi lójú wọn: "Mu ún, kí wọ́n rí i." Mo mu ún, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àràárọ̀ ni mò ń mu ún lẹ́nu géètì báyìí. Ọ̀gá ń gbé omi tiẹ̀ wá látilé.

Ẹ má pè mí ní fídíò o, ojú fóònù mi fọ́. Ojú tèmi kàn pọ́n díẹ̀ ni. Ikùn mi sì ti yọ bíi ti olówó.

Ọ̀gá ń bi mí bóyá mo ní àbúrò tó lágbára. Mo ní èmi nìkan lẹ bí.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi dáadáa.