Wọ́n Fi Ìka Sọ Ìbejì Mi Di Ẹnì Kan

Ojúlé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Ọjà, Sabon Gari,
Zaria, Ìpínlẹ̀ Kaduna.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Asiyah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, alhamdulillahi, àmọ́ inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí à ń lọ ní Dogarawa ni. Wọ́n ti palẹ̀ fáìlì mọ́, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wá tó fẹ̀ bíi tábìlì ìjẹun. Ìka ni wọ́n fi ń wá orúkọ aláìsàn níbẹ̀. Tí Othniel tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bá fi ìka gbá a sápá kan, àwọn ọmọdé nìkan ló máa kù. Tó bá tún gbá a, ó ku àwọn ọmọ Sabon Gari. Tó bá sì fi ìka méjì fún orúkọ méjì pọ̀, wọ́n á di ọ̀kan. Mi ò purọ́, ó kọ́kọ́ wù mí wò.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀fun ń dun Kẹ́hìndé mi, ara rẹ̀ gbóná janjan, mo bá kó òun àti Táíwò lọ síbẹ̀. O rántí pé pẹnisílínì kò bá a lára mu. Nígbà tí wọ́n gún un lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ̀ wú, agbára káká ló fi ń mí. Wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ rẹ̀ gàdàgbà sínú fáìlì. Àfi bí nọ́ọ̀sì Jemima ṣe fa abẹ́rẹ́ pẹnisílínì! Mo figbe ta. Ó ní kò sí ìkìlọ̀ kankan nínú kọ̀ǹpútà. Othniel gbá ìka lọ, ó gbá ìka bọ̀, Hassan nìkan ló rí.

Táíwò ni Hassan yẹn o. Orúkọ Hausa tí wọ́n ń pè é níta ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, wọ́n kọ Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ bó ṣe wà. Othniel wá rí ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà, ó ní òun rò pé ọmọ kan ló ní orúkọ ilé àti orúkọ ìta, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí. Ló bá fún wọn pọ̀. Haba! Ọmọ Yorùbá bíi tiwa! Ó rí Kẹ́hìndé, kò béèrè Táíwò!

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó tún ní kí n fara balẹ̀, pé nínú àkọsílẹ̀, ọmọ kan ni mo ní. Àìfini-peni, àìfèèyàn-pèèyàn! Mo gbé Táíwò, mo gbé Kẹ́hìndé, mo fi àwọn méjèèjì jókòó sórí gíláàsì rẹ̀. Mo ní, “Ó yá, fi ìka rẹ fún wọn pọ̀, kí n rí i.”

Jemima rọra gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé wọn kúrò, Othniel fi ìka méjì ya orúkọ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ mi sì jáde, tòun ti ìkìlọ̀ rẹ̀ ní pupa.

Oògùn mìíràn ni wọ́n fún un, ó ti ń sáré kiri. Othniel ti wá bẹ̀ mí nílé lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì dá a lóhùn. Wallahi, inú mi kò tíì rọ̀.

Bá mi kí Ìyá dáadáa. Tí wọ́n bá béèrè àwọn ọmọ, sọ fún wọn pé méjì ni wọ́n ṣì jẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Waheedat,
Ìyá Ìbejì.