Aṣọ Iléèwé Tó Sùn Nínú Omi

Bàbá mi tí mo bẹ̀rù, tí mo sì fẹ́ràn,

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Jósẹ́fù ọmọ mi rí mi láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìwé àti báírò, ó bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní Bàbá mi ni. Ó ní òkú ò mọ ohun kan, ó wà nínú Bíbélì. Bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ ní ẹsẹ yẹn nígbà tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ ohun kan báyìí. Ẹ ń sùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn máa ń jí, ẹ̀yin náà lẹ fi ìyẹn kọ́ mi. Tí ẹ bá jí, ẹ ó bá lẹ́tà yìí.

Ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Ìwé mẹ́fà tí mo kà náà ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹ mọ ìdí tí kò fi ju mẹ́fà lọ.

Mowé ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ Jósẹ́fù. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe tà, ẹ̀bá títì ni. Sátidé gan-an làwọn ará Èkó máa ń wá wo ilẹ̀ wọn kí wọ́n lè ra búlọ́ọ̀kù, Sátidé náà ló sì máa ń ti géètì. Àwọn aládùúgbò ń pè mí ní Ìyá Sátidé. Alhaja Ṣìfáwù tó wà nílé kejì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Sátidé, tiwa Jímọ̀, tiyín Sátidé, táwọn yòókù Sọ́ńdè. Ọlọ́run ò ráyè sinmi mọ́ nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu ni.

Ìbàfò ni ìjọ wa ń pé sí, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Irin rélùwéè tí ẹ so mọ́ igi máńgòrò ní Ìfọ̀ ti wà níbẹ̀, Jósẹ́fù ló lọ gbé e wá. Wọ́n ṣì ń lù ú nírọ̀lẹ́ Furaidé láti fi kéde pé ọjọ́ ìsinmi ti wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo ojú ọ̀run mọ́. Inú fóònù ni wọ́n ti ń wo ìgbà tí oòrùn máa wọ̀. Èmi ṣì ń jáde lọ wò ó. Ìgbà mìíràn, fóònù máa ń sọ pé oòrùn ti wọ̀, èmi á sì máa wò ó lókè téńté. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń dúró láàárín àgbàlá, ẹ ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ó máa wo páànù orí ibùdó rélùwéè. Bí oòrùn bá ti kúrò lára páànù yẹn báyìí, ẹ ó gbá irin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iná ilé wa á kú. Ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀ tí Màmá ti sè kalẹ̀ ni a óò jẹ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ máa ń ká ewé ẹ̀kọ yín sí mẹ́rin, ẹ ó sì kì í bọ àpò, bí ẹni pé owó ni. Mi ò béèrè lọ́wọ́ yín rí ohun tí ẹ ń fi ṣe.

Mi ò gbàgbé pé ẹ̀yin náà san tiyín. Ẹ fi iṣẹ́ rélùwéè sílẹ̀ torí pé ọ̀gá yín kọ̀ láti yọ̀ǹda Sátidé fún yín. Ẹ di olóko láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ yín ò sì mọ ọkọ́. A jẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dún yẹn débi pé mi ò tún fẹ́ rí i. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé mo jókòó láti dá yín lẹ́jọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ aṣọ.

Búlúù ni, ọrùn rẹ̀ funfun, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní. Sátidé ni wọ́n fi ìdánwò àtiwọ gírámà sí. Tíṣà ti wá bá yín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọmọ yìí ò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ẹ gbé ọkọ́ yín, ẹ kọrí sóko. Ìrọ̀lẹ́ Furaidé, ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́, mo lọ pọnmi. Nígbà tí mo padà dé, ẹ jókòó sórí àpótí, ọpọ́n wà níwájú yín, ìfóófòó ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Aṣọ mi wà nínú omi. Bàbá mi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí i kí ẹ fọ aṣọ rí, ì báà ṣe tiyín. Màmá ló ń fọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ò wojú mi. Ẹ ní, "Ó dọ̀tí." Kò dọ̀tí. Mo ti fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Ẹ wo páànù orí ibùdó rélùwéè, oòrùn ti kúrò níbẹ̀, ẹ nu ọwọ́ yín sára ṣòkòtò, ẹ sì lọ gbá irin.

Ó parí nìyẹn. Ta ló máa fún aṣọ lọ́jọ́ ìsinmi? Ta ló máa sá a? Ó sùn nínú omi, ó tún wà nínú omi títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ṣé ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Mo gbọ́ ikọ́ yín mọ́jú. Ẹ ò sùn. Kí ló dé tí ẹ ò sùn tó bá jẹ́ pé ẹ kàn gbàgbé ni?

Ohun kan wà tí ẹ ò mọ̀. Kùtùkùtù Sátidé yẹn, Ṣẹ̀kínátù ọ̀rẹ́ mi wá sójú fèrèsé. Ó gbé aṣọ iléèwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún mi. Ó ní, "Ìwọ, wọ̀ ọ́ kíá, ká máa lọ." Mo yí aṣọ náà padà, mo rí i pé wọ́n ti lẹ ìdí rẹ̀ níbi méjì. Mo ní mi ò wọ àlòkù. Ó wò mí títí, ó ṣu aṣọ náà mọ́ abẹ́ apá, ó lọ. Ó wọlé ìdánwò, ó yege, ó di nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe torí Ọlọ́run ni mi ò fi lọ, Bàbá mi. Torí ìdí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ ni.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín fún aṣọ náà, ẹ sá a sórí okùn, ẹ wá sọ pé, "Mo jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan. Màá san án." Ẹ ní tí a bá ti Àjọ Àgọ́ dé, ẹ ó mú mi lọ bẹ ọ̀gá iléèwé, kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Àjọ Àgọ́ dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Mi ò bi yín mọ́ torí pé èmi náà lágídí. Ẹ̀yin náà ò sọ ọ́ mọ́. Mo gbé oúnjẹ fún yín títí ẹ fi sùn, ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wa bí ọpọ́n yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí ìjọ fi í ṣe. Gbogbo Àjọ Àgọ́ ni wọ́n ń pè mí síwájú, obìnrin tó fi gírámà sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ìsinmi. Lọ́dún kan, oníwàásù kan fi kún un pé áńgẹ́lì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń mi orí. Ó dùn mọ́ mi. Mo ń wé gèlè tó ga sí i lọ́dọọdún. Ẹni tí kò kàwé, tí wọ́n wá ń pè ní àwòkọ́ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ní dákẹ́?

Ìbíwùmí, ọmọ Jósẹ́fù, ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ń ka ìwé débi pé ó máa ń gbàgbé ẹ̀wà lórí iná. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì ni tirẹ̀, ìwé tí wọ́n sì tẹ̀ jáde fún un sọ pé Sátidé ni, aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ní Ìfọ̀. Ìfọ̀ náà, Bàbá mi. Jósẹ́fù kọ̀wé pé kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Wọn ò fèsì. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ Furaidé, kí ẹ dìde ní ìjọ, kí ẹ sọ ìtàn yín. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, á gbà láti má ṣe lọ." Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi mí pé, "Màmá, ẹ sunkún lọ́jọ́ yẹn?" Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn rí láti ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́ pé. Mo gbé aṣọ funfun Ìbíwùmí, mo fi ọwọ́ mi tó ti wọ́ yìí fọ̀ ọ́ láàárọ̀, mo sá a, ó gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ṣì wà lókè. Mi ò rú òfin kankan. Mi ò sì sọ nǹkan kan fún un.

Nígbà tí wọ́n lu irin ní Ìbàfò, wọ́n pè mí. Mo dìde. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọpọ́n, ọṣẹ, ikọ́ yín, Ṣẹ̀kínátù, ìdí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Mo ní kò sí áńgẹ́lì kankan lẹ́nu ọ̀nà, àfi ewúrẹ́ wa. Mo ní mo sunkún, Sátidé gbogbo ni mo fi sunkún, inú mi ò sì sinmi lọ́jọ́ ìsinmi yẹn rárá. Mo jókòó. Ìyá Rúùtù tó jókòó tì mí rọra fa ìró rẹ̀ kúrò lára tèmi.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ò tíì là dáadáa, mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn dún. Mi ò dìde. Nígbà tí mo jáde, ìṣó nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó padà dé lọ́sàn-án. Bàbá rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn iwájú, ó ní kó dúró síta títí ọjọ́ ìsinmi á fi parí, torí ọmọ náà ló fúnra rẹ̀ yàn láti wà ní ìta ọjọ́ ìsinmi. Mo gbé ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀ lọ bá a lẹ́yìnkùlé. A jọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀ bóyá mo yege o. Ìbéèrè kan wá, mo kàn ń gbọ́ irin létí mi ni." Mo ní kó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ká ewé rẹ̀ sí mẹ́rin. Kò mọ̀ yín rí. Ta ló kọ́ ọ?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Ìrékọjá. Jósẹ́fù ní Ìbíwùmí ò ní jẹ nínú àkàrà aláìwú. Mo ní tí kò bá ní jẹ, èmi náà ò ní jẹ. Ó ní mò ń pín ìjọ níyà. Ìyá Rúùtù, tó ti ń wẹ ẹsẹ̀ mi, tí mo ń wẹ tirẹ̀, ní gbogbo Ìrékọjá láti ìgbà tí irun wa ti dúdú, rán ọmọ sí mi pé ìyàwó ọmọ òun lòun máa bá wẹ ẹsẹ̀ lọ́dún yìí. Mo wo ẹsẹ̀ mi lálẹ́ àná. Ọwọ́ mi ò tó o mọ́ fúnra mi.

Àwọn nǹkan yẹn, mo lè fara dà wọ́n. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ohun tí Jósẹ́fù ń sọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pé, "Ká ní Bàbá àgbà ò tíì sùn ni, irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ nílé yìí." Orúkọ yín ló fi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà.

Mo ṣì ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Inú rẹ̀ ni màá kú sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, bí mo ṣe lágídí tó yìí. Bóyá mo ti ọmọ náà sínú iná nítorí aṣọ tèmi. Bóyá ẹ̀yin náà ro irú nǹkan báyìí mọ́jú, tí ẹ sì wá fi ikọ́ bò ó. Ṣé ẹ lè sọ fún mi? Ẹ ò lè sọ.

Ìdajì gbèsè yìí jẹ́ tèmi, mo ti san án lójú gbogbo ìjọ. Ìdajì tó kù jẹ́ tiyín. Ní òwúrọ̀ tí ẹ bá jí, kí ẹ tó kí Màmá, kí ẹ tó béèrè èmi pàápàá, ẹ wá Jósẹ́fù lọ, kí ẹ sọ fún un ní ojú Ìbíwùmí ohun tí ẹ fi aṣọ mi ṣe, àti ìdí rẹ̀.

Èmi ni, àkọ́bí yín obìnrin tó jọ yín lójú àti lágídí, tó ṣì ń wo páànù.

Ọjọ́ kan lẹ jẹ mí. Ẹ san án.