Wáyà Tí Káfíńtà Gé

Yàrá Kẹtàlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àyẹ̀wò Ọkọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ PÍKỌ́Ọ̀PÙ BÀBÁ MI TÍ WỌ́N FẸ́ GÉ NÍ ỌJỌ́ JÍMỌ̀

1. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí nínú iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya lẹ́tà yìí, nítorí n kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹni tí kò tíì ṣe ìdánwò kankan máa ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti ọmọdé jì mí. Káfíńtà ni bàbá mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó fi píkọ́ọ̀pù náà kó ilẹ̀kùn àti fèrèsé kiri kí ó tó dolóògbé ní oṣù kejì ọdún yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ọkọ̀ yìí nìkan ni òórùn pákó rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

2. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé e wá fún àyẹ̀wò. Fọ́ọ̀mù yín béèrè àléébù tí ọkọ̀ ní. Awakọ̀ tó tò sẹ́yìn mi yọjú wo ohun tí mo ń kọ, ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀ o! Kọ 'kò sí', jẹ́ ká máa lọ." Ìlà méjìlá ni mo kọ. Mo ní ẹ́ńjìnnì náà máa ń mísì: á máa ṣiṣẹ́ dáadáa, lójijì á gbọ̀n, á wúkọ́ bí ẹni tí omi pá lórí, á sì tún dákẹ́. Ọ̀gá tó yẹ̀ ẹ́ wò tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò mísì rárá. Àfìgbà tó wà á gun òkè ẹnu géètì yín ló wúkọ́. Ó wo fọ́ọ̀mù mi, ó sì kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí wọ́n gé ọkọ̀ náà tà fún oníirin àlòkù.

3. Fún oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ náà fi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì. Pàbó ni. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni mo ti ń wá àìsàn tó jẹ́ pé orí òkè ló ń gbé.

4. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti màmá mi wá sí ọgbà yín láti kó ẹrù bàbá mi kúrò nínú rẹ̀. Màmá mi ní kí n jẹ́ kí òun tan án lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi fi kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọkọ̀ sí jíà, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tó bá ń gun òkè. Wáyà iná tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ le gbagidi, orí rẹ̀ ṣí kúrò lára bóòtù, iná já, ọkọ̀ wúkọ́. Bàbá mi ló gé wáyà náà. Àmì pẹ́ńsù rẹ̀ ṣì wà lára irin, bó ṣe máa ń sàmì sára pákó. Ó wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀n gan-an, kò fi ìka kan ṣẹ́kù, nítorí kì í fi nǹkan ṣòfò. Ṣùgbọ́n pákó tí a bá ti kàn kì í mira mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń mira.

5. Mo fi wáyà tó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ nínú ọgbà yín, láìgba àṣẹ. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má ṣe bá ẹ̀ṣọ́ géètì wí.

6. Mo bẹ̀ yín, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, ẹ tún ọkọ̀ náà wà gun òkè yẹn. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, wáyà kúkúrú náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fi í padà, á wúkọ́. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ dá èyí tó gùn padà, ikọ́ á dákẹ́.

7. Ó ku ohun kan, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ nínú irú lẹ́tà yìí. Òkè kan wà nítòsí ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti máa ń wúkọ́, màmá mi á ní, "Olówó orí mi ti dé," á sì lọ ṣí géètì. Títí di òní, tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, ó ṣì máa ń dẹtí sí ọ̀nà. Èmi ni mo sì ti wo ikọ́ náà sàn. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi wáyà kúkúrú dán an wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ wákàtí rẹ̀ fún wa. Màmá mi fẹ́ wá dúró lẹ́bàá òkè yín.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Káfíńtà,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní, Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀.