Àrùn Ìfun Tí Wọ́n Ní Ká Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má dárúkọ mi o, Mushin ni mò ń gbé.

Jẹjẹrẹ ìfun ló pa bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn. Dókítà ní ó lè jẹ́ àjogúnbá, ó lè mú ẹnìkan kó fo ẹnìkejì, káwa ọmọ wá ṣe àyẹ̀wò. Àbúrò bàbá mi ní ká má lọ, ká máa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, torí ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wa á wádìí ìdílé. Àwọn fúnra wọn ló ń bu àgbo fún wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn ní ọsibítù. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n kó wá fún àyẹ̀wò náà.

Ṣé kí n sọ fún àwọn àbúrò mi? Àbí ọmọ tiwọn nìkan ló nífun ni?