Ọ̀gágun Tó Fẹ́ Fi Ìlú Yín Sílẹ̀

Ọ̀fà, Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, 1995

Bàbá Jẹ́mílá, ọ̀gágun yẹn ò sá lọ mọ́. Inú mi dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Arúgbó inú géèmù kọ̀ǹpútà yín ni mò ń wí, èyí tí ẹ máa ń fún ní wúrà kó má baà dalẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin yín, èmi ni mò ń bá yín ṣọ́ ìlú náà. Lónìí ni ọ̀tá ránṣẹ́ sí i pé kó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn. Bó bá lọ, ìlú ti bọ́ nìyẹn, wúrà sì ti tán.

Mo wá rí i pé ọmọdé lẹ fi ṣe olórí lé e lórí. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Mo kó gbogbo ọmọ ogun lé e lọ́wọ́.

Bùọ̀dá Láídé, àbúrò yín, rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, olè lo gbé kọ́kọ́rọ́ fún yẹn."

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, Bùọ̀dá."

Ọ̀gágun náà lé ọ̀tá padà, ó sì wá búra níwájú ọba. Orúkọ yín lẹ fún ọba náà. Mo ka ìbúra rẹ̀ sókè lójú kọ̀ǹpútà: "Rábíù ni màá sìn títí ayé mi."

Bùọ̀dá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n tún un kà.